Ọnà Tí A Fi Òǹkà Ṣe: Òfì Ìṣẹ́yìn àti Àwòrán Orí Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá gbéra ní Ìbàdàn, tí ó gba Ọ̀yọ́ kọjá, tí ó sì kọjú sí Òkè-Ògùn, yóò rí i pé bí ọ̀nà ti ń jìn ni igbó ń fà sẹ́yìn fún ọ̀dàn, tí igi emi àti igi irú ń dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan nínú pápá, tí àpáta sì ń yọrí láàárín koríko, títí yóò fi dé Ìṣẹ́yìn, ìlú Aṣẹ́yìn, ọmọ Ẹbẹdí, níbi tí ìró òfì yóò ti pàdé rẹ̀ ní agbo ilé dé agbo ilé kí ó tó tún mú ọ̀nà pọ̀n lọ sí Ṣakí tí òkè Àsabàrí ń ṣọ́. Ìró òfì yìí ni mo fẹ́ kí a tẹ́tí sí, nítorí ó dá mi lójú pé iṣẹ́-ọnà kan tí ayé ń pariwo rẹ̀ lónìí bí ohun tuntun, gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn baba wa ti ń ṣe ní ọ̀dàn yìí láti ayébáyé.

Iṣẹ́-ọnà náà ni àwòrán tí a fi kọ̀ǹpútà yà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń gbé jáde kúrò nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń gbé e sí ara ògiri gálẹ́rì, sí ojú pátákó oníná ní oríta, sí gbọ̀ngàn ìlú àti ibi ìpàtẹ, kí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́, tí kò sì bá íntánẹ́ẹ̀tì ní nǹkan í ṣe, lè dúró níwájú rẹ̀ kí ó wò ó tẹ́rùn. Bí a bá tú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ palẹ̀, òǹkà ni a ó bá nínú rẹ̀: ojú kéékèèké tí a tò ní ẹsẹẹsẹ, tí òǹkà ń pàṣẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn irú àwọ̀ tí yóò gbé wọ̀, tí òǹkà náà fúnra rẹ̀ kò sì ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, iná títàn àti iná pípa, tí a tò jọ ní àìmọye ìgbà. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ni àwọn àgbà wí. Ẹwà tí ó lè dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà ni ó wà lẹ́yìn òǹkà tí a ń wí yìí. N kò sọ pé ará Ìṣẹ́yìn ni ó ṣe kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi ń yàwòrán, ọgbọ́n ahunṣọ ni, àti pé ní Òkè-Ògùn a ti mọ ọgbọ́n náà, a sì ti mọ bí a ṣe ń gbé e jáde fún gbogbo ayé wò, kí iná ẹ̀lẹ́tíríkì tó dé ilẹ̀ wa rárá.

Ìtàn aṣọ híhun láàárín àwa Yorùbá ti jìnnà ju ibi tí ìwé lè tọ́ka sí. Nígbà tí òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825, tí wọ́n sì gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò gòkè lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, níbi tí wọ́n wọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1826, wọ́n bá òfì lẹ́nu iṣẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n bá ìkòkò aró pẹ̀lú, Clapperton sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Nígbà náà, Ọ̀yọ́-Ilé ni oríta òwò: òwò tí ó ti ilẹ̀ Haúsá àti ilẹ̀ Tápà wá ń bá èyí tí ó ti etí òkun gòkè pàdé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aláṣẹ èkejì òrìṣà, Aláàfin, ikú bàbá yèyé, pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀, ń fẹ́ aṣọ tí yóò fi ipò wọn hàn kí wọ́n tó la ẹnu. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ogun fi dé. Ní nǹkan bí ọdún 1835 Ọ̀yọ́-Ilé tú. Àwọn kan bá Àtìbà lọ sí Àgọ́-Ọ̀jà, tí ó di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí, àwọn kan dorí kọ Ìlọrin, àwọn kan Ìbàdàn, àwọn mìíràn sì fìdí kalẹ̀ sí àwọn ìlú Òkè-Ògùn tí kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ṣí. Ẹni tí ogun lé kò lè ru ilé rẹ̀, kò lè ru oko rẹ̀, ṣùgbọ́n igi òfì ṣe é dì mẹ́rù, ìmọ̀ híhun sì ń bá olówó rẹ̀ lọ síbikíbi. Ogun yẹn wà lára ohun tí ó mú kí ó jẹ́ pé, bí a bá ń sọ̀rọ̀ aṣọ òkè, Ìṣẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin ni ẹnu kọ́kọ́ ń dá lé. Ní Ìṣẹ́yìn iṣẹ́ náà di ti ìdílé: baba ń kọ́ ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń kọ́ àbúrò, ọmọ tí kò tíì lè dá ẹsẹ̀ tẹ òfì sì ti ń ká òwú fún àwọn àgbà.

Ilẹ̀ ọ̀dàn náà ṣe tirẹ̀. Òwú fẹ́ràn oòrùn, oòrùn Òkè-Ògùn kò sì ṣọ̀wọ́n; nígbà náà, àwọn obìnrin ń ran òwú nílé, wọ́n ń já ewé ẹ̀lú, wọ́n ń fi omi eérú pò ó, wọ́n ń rẹ òwú sínú ìkòkò aró, wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n ń sá a, wọ́n tún ń rẹ ẹ́, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dúdú débi tí ènìyàn kò fi ní mọ̀ bóyá aró ni àbí òru. Láti inú irú òwú bẹ́ẹ̀ ni a ti ń hun ẹtù, tí ìlà tín-ín-rín funfun tàbí ti aró fẹ́ẹ́rẹ́ ń la ara rẹ̀ kọjá. Sányán ní tirẹ̀, tí àwọn àgbà ń pè ní baba aṣọ, inú ìtẹ́ kòkòrò tí ń gbé orí igi ọ̀dàn ni òwú rẹ̀ ti ń wá. A ó lọ já ìtẹ́ náà nínú pápá, a ó fi omi eérú sè é kí ó lè rọ̀, a ó ran án bí a ti ń ran òwú, aṣọ tí ó bá jáde níbẹ̀ yóò sì wúwo lára, yóò tutù, yóò ní àwọ̀ ilẹ̀ tí kò ní láti pariwo kí a tó mọ̀ pé ó níyì. Àlàárì nìkan ni àlejò láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: sílíìkì pupa ni, àwọn oníṣòwò ni ó máa ń gbé e la aginjù Sàhárà já wá sí Kánò láyé àtijọ́, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà ni owó rẹ̀ fi pọ̀. Lójú tèmi o, ẹtù ni olórí wọn. Kò sí ohun kan nínú ẹtù tí ilẹ̀ wa kò mú jáde; oko wa ni òwú rẹ̀ ti wá, igbó wa ni ẹ̀lú rẹ̀ ti wá, obìnrin ni ó pa á láró, ọkùnrin ni ó hun ún, ẹwà rẹ̀ kò sì gbára lé ohun mìíràn ju ibi tí ahunṣọ yàn láti fi ìlà sí àti ibi tí ó yàn láti má fi sí.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ òfì kan wàyí. Òfì ọkùnrin kò fẹ̀. Aṣọ tí ń jáde lórí rẹ̀ kì í sábà ju ìnṣì 4 sí 6 lọ ní ìbú. Òwú gígùn ta láti iwájú ahunṣọ, ó la àgbàlá já, a sì so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹrù òkúta tí ń fà á kí ó lè le, tí ẹrù náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òwú ti ń di aṣọ. Ní òkè ọwọ́ ahunṣọ ni òmú méjì rọ̀ sí. Ìdajì òwú gígùn gba inú òmú kan, ìdajì gba inú èkejì: òwú kìíní, ẹ̀kẹta, ìkarùn-ún níhìn-ín, èkejì, ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹfà lọ́hùn-ún. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá tẹ igi tí ó wà nílẹ̀, òmú kan yóò wálẹ̀, èkejì yóò gòkè, ọ̀nà yóò là láàárín òwú, ọ̀kọ̀ yóò sì fò gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹsẹ̀ òsì bá tẹ tirẹ̀, èyí tí ó wà lókè yóò wálẹ̀, ọ̀kọ̀ yóò sì padà wá. Gbogbo ohun tí òwú kan lè ṣe nínú ayé rẹ̀ nìyí: kí ó wà lókè, tàbí kí ó wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹ̀kẹta.

Ìgbà tí ọnà bá wọ̀ ọ́ ni iṣẹ́ tó di iṣẹ́. Bí ahunṣọ bá fẹ́ gbé àwòrán wàláà sára aṣọ, wàláà tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ́ ìwé, tí ó sì jẹ́ ọnà àwọn ahunṣọ tipẹ́tipẹ́ ní ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí Ìṣẹ́yìn, òmú méjì kò ní tó fún un mọ́. Yóò fi ọwọ́ ṣà nínú òwú gígùn, yóò gbé iye kan sókè, yóò fi iye kan sílẹ̀, yóò fi òwú aláwọ̀ mìíràn la àárín wọn já, yóò tún fi ọ̀kọ̀ tẹ̀lé e kí aṣọ lè mú ṣinṣin. Ní ìlà tí ó tẹ̀lé e, iye tí ó gbé sókè yóò yí padà, ní ìlà kẹta yóò tún yí, bẹ́ẹ̀ ni etí wàláà yóò ṣe máa yọ, tí ara rẹ̀ yóò máa gbòòrò, tí ìdìmú rẹ̀ yóò fara hàn nígbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá jókòó ti àgbà ahunṣọ fún ìgbà díẹ̀ yóò rí i tí ọwọ́ rẹ̀ yóò dúró lójijì, tí yóò fi àtàǹpàkò wá òwú kan ṣoṣo láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí yóò tú ìlà tí ó ti hun padà láìjanpata, nítorí pé òwú kan tí ó yẹ kí ó wà lókè ti sùn sílẹ̀, àwòrán náà ì bá sì wọ́ láti ibẹ̀ lọ. Kò sí ìwé níwájú rẹ̀, kò sí àwòrán tí ó ń wò. Orí ni gbogbo òǹkà náà wà, ìka ọwọ́ sì mọ ọ̀nà rẹ̀ dé òpin.

Bí ó bá wá di pé kí a fi í hàn, ìta gbangba ni gálẹ́rì Òkè-Ògùn. A ó gán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn a di agbádá, wọn a di dàńdógó, wọn a di ìró, gèlè àti ìborùn. Bí ọjọ́ Iléyá bá sì pé, tí ìlú ń wọ́ lọ sí yídì, tàbí tí wọ́n ń gbé ìyàwó, tàbí tí ìjòyè ń gba oyè, tàbí tí àwọn ọmọ ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún arúgbó tí ó fi ọwọ́ rọrí, àwòrán tí ahunṣọ fi òǹkà ṣe nínú àgbàlá yóò jáde sí oòrùn lára ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò máa rìn, yóò máa jó, yóò máa yípo, ẹnikẹ́ni kò sì ní san kọ́bọ̀ kí ó tó wò ó. Aṣọ ẹbí tí àwọn mìíràn ń bú lónìí nítorí ìnáwó rẹ̀, mo rí i gẹ́gẹ́ bí ìpàtẹ ọnà tí ó tóbi jù lọ tí a ní, nítorí níbẹ̀ ni a ti ń rí àwòrán kan náà tí a tún ṣe léraléra títí yóò fi gba gbogbo pápá ojú wa. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn ará Òkè-Ògùn mọ èyí ju kí a tún máa kọ́ wọn lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni egúngún ńkọ́? Àwọn ọ̀jẹ̀ alárìnjó, tí orírun wọn so mọ́ ààfin Ọ̀yọ́-Ilé àti ìdílé Ológbìn, ń ti ìlú bọ́ sí ìlú pẹ̀lú bàtá àti aṣọ, wọn a sì pa idán lójú agbo: èyí tí ó wọ agọ̀ kan jáde yóò yípo lẹ́ẹ̀kan, yóò yí aṣọ rẹ̀ dà ní inú sí ìta, ohun tí ó jẹ́ pupa yóò di dúdú, ohun tí ó jẹ́ ènìyàn yóò di ẹranko, àwọn ọmọdé yóò sì ké. Àwòrán tí ń yí padà lójú òǹwòran ni èyí, ní gbangba, láàárín ọjà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lálàá sinimá. Ẹni tí ó bá ti rí i kò ní ya ẹnu pọ̀ jù níwájú ògiri tí àwòrán orí rẹ̀ ń yí padà fúnra rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Èkó.

Ní òkè òkun, ọ̀nà mìíràn ni ọgbọ́n yìí gbà. Ní 1804, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, Joseph Marie Jacquard ṣe òfì kan tí kò fi ti orí ahunṣọ ṣe mọ́. Ó gbé òǹkà inú orí náà sára páálí. Ó lu páálí ní ihò. Ibi tí ihò bá wà, òwú yóò gòkè, ibi tí kò bá sí, òwú yóò sùn, páálí kan fún ìlà kan, a ó sì so gbogbo wọn pọ̀ kí òfì máa kà wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ní 1839 a fi òfì yìí hun àwòrán ojú Jacquard fúnra rẹ̀ sára sílíìkì, páálí tí ó gbà sì tó nǹkan bí 24,000. Charles Babbage, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọ̀kan nínú aṣọ náà kọ́ sílé rẹ̀, ó sì ń fi í han àlejò, nítorí pé lára òfì Jacquard ni ó ti rí ọ̀nà tí yóò gbà pàṣẹ fún ẹ̀rọ ìṣirò tí ó ń gbèrò láti ṣe: páálí oníhò kan náà. Nígbà tí Ada Lovelace sì kọ àlàyé lórí ẹ̀rọ yìí ní 1843, òfì Jacquard ni ó fi ṣe àpèjúwe rẹ̀, pé bí òfì ti ń hun òdòdó àti ewé ni ẹ̀rọ yóò máa hun ìṣirò. Ẹ̀rọ Babbage kò parí lójú ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n páálí oníhò kò kú. Kọ̀ǹpútà ìgbà àárín ọ̀rúndún ogún ṣì ń fi í gba àṣẹ.

Kò yà mí lẹ́nu, nígbà náà, pé bí kọ̀ǹpútà ti ń lè fa ìlà sórí ìwé báyìí ni àwọn tí ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Ní oṣù kejì ọdún 1965 Georg Nees pàtẹ àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà ní Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà a pàtẹ irú rẹ̀ ní gálẹ́rì Howard Wise ní New York. Ní 1968 Jasia Reichardt sì ṣètò ìpàtẹ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó pè ní Cybernetic Serendipity, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ́ lọ wò. Àwọn mìíràn nígbà náà takú pé iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe ọnà. Ẹni tí ó bá ti rí ahunṣọ lórí òfì mọ èsì ọ̀rọ̀ náà: òfì kì í mọ ohun tí yóò hun, ẹni tí ó jókòó sídìí rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, aṣọ tún ni ó kọ́kọ́ gba àwòrán oníná wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Èkó, ní gbọ̀ngàn Glover. Nígbà tí ó ṣe, òṣìṣẹ́ ìlera kan tí a ń pè ní William Sellers bẹ̀rẹ̀ sí í fi sinimá kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ́tótó, òun náà ni a sì fi ṣe olórí ẹ̀ka sinimá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn ní 1939. Ọkọ̀ sinimá ń kiri ìgbèríko. Yóò dúró ní pápá, wọn yóò ta aṣọ funfun, ẹ̀rọ yóò kùn, òkùnkùn yóò sì kún fún ènìyàn tí ń rìn lórí aṣọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 tẹlifíṣọ̀n ti Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, láti ìgbà náà sì ni àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní pápá lọ sínú yàrá, lọ́wọ́ ẹni tí ó bá lówó àpótí.

Àwọn tí wọ́n tún gbé e padà síta ni ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn ní 1961, àti Mbari Mbayo tí Dúró Ládipọ̀ àti Ulli Beier dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, kọ́ wa pé ilé ọnà lè wà ní ojú títì, kí ọlọ́jà máa yà wò ó. Ní 2007 olóògbé Bísí Silva dá ibùdó ọnà òde òní sílẹ̀ ní Yábà ní Èkó, ibẹ̀ ni a sì ti ṣe ìpàtẹ àwòrán fídíò ní 2009. Emeka Ogboh, tí ń fi ohùn ṣe ọnà, gba ohùn Èkó sínú ẹ̀rọ, igbe àwọn ọmọ ọkọ̀ dáńfó àti ariwo ọjà, ó sì gbé e lọ sí gálẹ́rì káàkiri ayé fún etí láti wò, bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀. Láti 2016 ni ìpàtẹ ART X ti ń wáyé ní Èkó lọ́dọọdún, ní 2021 sì ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwòrán oníkọ̀ǹpútà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ta iṣẹ́ Osinachi, ọmọ Nàìjíríà tí ń fi Microsoft Word, ẹ̀rọ tí àwọn akọ̀wé fi ń tẹ lẹ́tà, yàwòrán ènìyàn, ní ilé gbàǹjo Christie's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Yorùbá kan sì wà ní Brooklyn, Ọlálékan Jeyifous, tí ń fi kọ̀ǹpútà ya ìlú tí kò tíì sí, tí ó sì gba ẹ̀bùn kìnnìún fàdákà ní ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice ní 2023. Èyí tí ó sún mọ́ wa jù nínú gbogbo wọn ni ti Túndé Owólabí, ẹni tí ó wá sí ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn, tí ó ya wọ́n ní fọ́tò, tí ó sì pàtẹ fọ́tò àti aṣọ náà ní Èkó ní 2014.

Mo yọ̀ sí iṣẹ́ náà, síbẹ̀ ó tún dun ọkàn mi ní ọ̀nà kan, nítorí pé Èkó ni a ti wò ó. Láti ìgbà tí ọnà Òkè-Ògùn ti ń wọ inú ilé ìpàtẹ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Charles Beving, oníṣòwò aṣọ ní Manchester, kó aṣọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ, aṣọ Yorùbá wà nínú wọn, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ní òkè òkun lè wò wọ́n ṣe èyí tí wọn yóò tà padà fún wa. Àkójọ náà wọ British Museum ní 1934, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Aṣọ tí a hun ní ìlú wa wà ní ilé ìṣúra oríṣiríṣi ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, a sì ń kọ orúkọ ẹ̀yà sí abẹ́ rẹ̀, a ń kọ orúkọ ẹni tí ó rà á àti ọdún tí ó rà á, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó hun ún ṣọ̀wọ́n. A kò ní fi àwòrán Osinachi hàn láìkọ orúkọ Osinachi sí i. Kí ni àgbà ahunṣọ tí ó gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún òwú sórí ka ṣe tí kò fi yẹ fún ohun kan náà?

Iṣẹ́ náà pẹ̀lú ti yí padà, ẹni tí ó bá fi ojú àná wòkú, ẹbọra a bọ́ ọ láṣọ. Òwú ilé-iṣẹ́ ti gba ipò òwú tí àwọn ìyá wa ń ran. Òwú dídán tí ń kọ mọ̀nà dé ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn ọlọ́jọ́ òde sì gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Sányán tòótọ́ ti ṣọ̀wọ́n débi pé òwú aláwọ̀ ilẹ̀ ni a ń pè ní sányán lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn obìnrin ti ń jókòó sídìí òfì tí ó jẹ́ ti ọkùnrin tẹ́lẹ̀, èyí sì dára púpọ̀. Ohun tí kò dára ni aṣọ tí ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè ń hun ní àwòrán aṣọ òkè wa, tí ó ń wọ ọjà ní owó tí ahunṣọ kò lè bá du. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ̀rọ lè hun wàláà, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tí a fi hun ún, kò sì ní kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wúwo ju agbára wa lọ. Ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán ní Ìbàdàn tàbí Èkó, kí ó wá jókòó sídìí òfì ní Ìṣẹ́yìn, kí ó sì jẹ́ kí ahunṣọ kọ́ òun ní òǹkà, nítorí pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan tí yóò ti rí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ. Ọmọ ahunṣọ tí ó ti ní fóònù lọ́wọ́, kí a kọ́ ọ bí yóò ti gbé ọnà baba rẹ̀ sórí ẹ̀rọ kí ó má bàa kú mọ́ baba náà nínú. Kí a sì ṣe ìpàtẹ rẹ̀ níhìn-ín, ní ilẹ̀ tí ó ni ín: kí a fi iná tan àwòrán sára ògiri ọjà ní Ìṣẹ́yìn, ní Òkèhò àti ní Ṣakí lálẹ́ ọjọ́ ọdún, kí aṣọ gan-an sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọwọ́ láti fọwọ́ kàn. Wálé Òkédìran ti fi hàn wá láti 2010, pẹ̀lú ilé tí ó ṣí fún àwọn òǹkọ̀wé ní Ẹbẹdí, pé àwọn àlejò yóò wá sí Ìṣẹ́yìn bí a bá ṣí ilẹ̀kùn. Yunifásítì LAUTECH ti ní ọgbà ní Ìṣẹ́yìn, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Poli Òkè-Ògùn sì wà ní Ṣakí; gbọ̀ngàn wà, iná wà, àwọn ọmọ wà. Kí àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì àti ìjọba Ọ̀yọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nígbà tí àwọn àgbà tí wọ́n mọ òǹkà náà ṣì ń bẹ lórí òfì, bí wọ́n bá sì pàtẹ rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ahunṣọ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.